Ohun Tí Oníṣẹ́ Pósí Kọ́ Mi Nípa Kéèkì Títà

Yaba, Oǹdó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀.

Fọlákẹ́, ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ lọ́jọ́ Ẹtì ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n bá ọ wo gírámà rẹ̀ kí o tó fi ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí o ti máa ń ṣe láti ìgbà tí o ti wà ní fọ́ọ̀mù kìíní. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe kankan kò sí níbẹ̀. Gbogbo kọ́mà wà ní ipò rẹ̀, o sì kí ọ̀gá àgbà bí ó ti yẹ kí a kí ẹni tó juni lọ. Síbẹ̀, n kò tíì dá a padà, nítorí ohun tí lẹ́tà náà ń sọ kò tẹ́ mi lọ́rùn bí gírámà rẹ̀ ti tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ́fíìsì tí o fi sílẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn ní kí o padà wá. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, o sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ yóò padà. Ìyá rẹ ni ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní o sọ pé o ti polówó kéèkì àti búrẹ́dì títí ẹnu fi ń ro ọ́, pé àwọn tó rà á lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá, àti pé bóyá bàbá rẹ ni ó tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó mú mi gbé kálàmù. Bàbá rẹ kò tọ̀nà.

Mo rántí ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí o wá fi tó wa létí pé o ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní n kò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kí ó lè máa po ìyẹ̀fun. Mo sọ ọ́ níwájú ọkọ rẹ, èyí tí kò bójú mu rárá, Akínwálé sì wo ilẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí o bá pè wá lórí fóònù, ńṣe ni mo máa ń na fóònù náà sí ìyá rẹ. Èyí tí o kò mọ̀ ni pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níhìn-ín, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iṣẹ́ tí o ń ṣe, èmi a dáhùn pé o wà ní ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì bá irọ́ wí lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, irọ́ ni mo ń pa lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Bàbá kì í sábà bẹ ọmọ, ṣùgbọ́n mo kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni kí ó bẹ̀bẹ̀, n kò sì rántí pé mo yọ ara mi sílẹ̀ nínú òfin náà.

Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ mi kò ní í bá ọ ta kéèkì kan. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọjà títà fún ọ kí o tó fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Kì í ṣe ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọ, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ ìyá mi, ẹni tí ó ta iyọ̀ ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ títí ó fi darúgbó. Ẹni tí ó kọ́ mi ni káfíńtà kan tí ń kan pósí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi láti Àkúrẹ́ wá sí Oǹdó yìí láti máa kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yàrá kan ni mo gbà ní Yaba, ọ̀kánkán fèrèsé mi gan-an sì ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Délé. Mo gbéraga nígbà náà ju bí mo ti gbéraga lónìí lọ, ìyá rẹ yóò sì sọ fún ọ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Mo ń wọ ibọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún. Kò gbọdọ̀ sí eruku lára bàtà mi, ì báà jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Mo sì gbà pé ẹni tó mọ ìkíni ti mọ ìwà, ìgbàgbọ́ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jáde, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, mo tẹ̀ ba débi tí ṣòkòtò tí mo lọ̀ gbà mí láyè dé, mo sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé ọmọ tí a kọ́ ni tíṣà tuntun: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọjà á tà lónìí o. Ọlọ́run á rán oníbàárà sí yín, wọn ó pọ̀."

Ayùn dákẹ́. Obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Ìyá Bọ́sẹ̀, yọ ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà lílọ̀, ó sì wò mí láti orí dé ibọ̀sẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ kú?"

Ọkùnrin kan tó ń tún táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe fi kún un pé ẹ má bínú, ará Àkúrẹ́ ni, kò tíì rí ẹni sin láti ìgbà tó ti dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Pósí mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ọkùnrin náà, n kò sì rí wọn, nítorí pé àpótí ìjókòó àti bẹ́ǹṣì ọmọ ilé ìwé ni ó tò síwájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tajà láàárín wa, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ ni ó ń tà, àdúrà ni a fi ń kí i pé kí ọjà rẹ̀ tà. Ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún. Mo dá àṣìṣe náà nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi ju bí mo ti fẹ́ mọ ẹni tí mo ń kí lọ.

Bàbá Délé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, tíṣà. Bí ẹ bá tún fẹ́ kí mi, ẹ sáà béèrè àlàáfíà mi." Ó wá nu àpótí kan, ó ní kí n jókòó.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó níbẹ̀, ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde. Mo sì fẹ́ kí o ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà wò, Fọlákẹ́. Kò lè polówó. Kò lè gbé ọjà rẹ̀ síta. Kò lè sọ fún oníbàárà pé kí ó tún padà wá, wọn ìbá lù ú. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń kọjá níwájú káfíńtà mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ láǹfààní láti ṣe gbogbo ohun tí òun kò lè ṣe, o sì ń ṣe wọ́n láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ débi tí ó fi sú ọ. Ohun tí òun ń ṣe dípò wọn ni mo fẹ́ kí o mọ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ àpótí ìjókòó yẹn. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí igi tó ṣẹ́kù ni ó ṣe ń kàn án. Lóòótọ́, igi tó ṣẹ́kù ni, ṣùgbọ́n àpótí Bàbá Délé kì í mì. Kò sí ilé ìdáná tí kò ní ọ̀kan ní àdúgbò náà. Obìnrin tó ti jókòó lórí àpótí yẹn bẹ́ ẹ̀gẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ti mọ ọwọ́ ọkùnrin náà, bí kò tilẹ̀ ronú kàn án rí. Lọ́jọ́ tí ìbànújẹ́ bá wọ ilé rẹ̀, kò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ta ni ó mọ pósí kàn. Ìwọ ń fi àwòrán kéèkì alájà mẹ́ta han àwọn tí kò tíì tọ́ ọwọ́ rẹ wò rí. Ta ni yóò fi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ dán àjèjì wò? Ṣe búrẹ́dì kékeré, irú èyí tí ọmọ lè mú lọ sí ilé ìwé. Ṣe é bí ẹni pé gómìnà ni yóò jẹ ẹ́. Jẹ́ kí ó wọ ilé ìdáná wọn ní Òkè-Àró, ní Oda, níbi gbogbo tí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá lè gbé e dé. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́fà, wọn ó béèrè kéèkì ìgbéyàwó fúnra wọn.

Ìkejì jẹ́ ìtìjú tèmi. Ní ọdún kẹta mi níhìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé kí n lè máa ta ẹyin. Mo kọ pátákó kan, mo sì gbé e sí ẹ̀bá títì. Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára pátákó náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ irú rẹ̀, máàkì gíga ni n ó fún un. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ń kà á nínú ọkọ̀ yóò ti dé Àkúrẹ́ kí ó tó parí rẹ̀. N kò tilẹ̀ dárúkọ ẹyin níbẹ̀. Orúkọ tí ìwé ńlá ń pè é ni mo kọ. Ẹyin ń bàjẹ́ nínú ilé, àwọn aládùúgbò mi sì ń gba iwájú ilé mi kọjá lọ ra ẹyin ní ọjà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Délé dúró níwájú pátákó náà, ó gbé orí sápá ọ̀tún, ó gbé e sápá òsì.

"Tíṣà, ta lẹ kọ ọ́ fún?"

Mo ní mo kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹyin.

"Ṣé Ìyá Bọ́sẹ̀ kì í jẹ ẹyin ni?"

Ìyá Bọ́sẹ̀ kò mọ̀wé kà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀, n kò sì sọ fún un rí pé mo ní adìyẹ. Mo hú pátákó náà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mú ẹyin díẹ̀ lọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀, mo sì sọ ibi tí wọ́n ti wá fún un lẹ́nu lásán. Ó ní, "Ẹyin lẹ ń pè ní gbogbo ọ̀rọ̀ gbọọrọ yẹn?" Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èmi fúnra mi kò rí ẹyin jẹ mọ́.

Mo ti ka ohun tí o ń kọ sábẹ́ àwọn àwòrán rẹ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ dùn, orí mi sì wú, nítorí mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò mú lọ sí ilé ìwé lọ́la, ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí o ní, ibi tí o wà, àti ìgbà tí yóò jinná. Sọ èyí ní ṣókí. Sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó ń sọ Yorùbá. Bí ó bá sì jẹ́ arúgbó ìlú Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní "ulé" bíi ti ìyá mi ni, dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kò dín ìwé rẹ kù.

Káfíńtà mìíràn wà ní òpópónà kejì tí ọwọ́ tirẹ̀ náà kò burú. Ó gbọ́ pé ara bàbá kan kò yá, ó sì lọ kí i. Ìkíni dára. Àmọ́ téèpù tó fi ń wọn igi wà nínú àpò rẹ̀, etí rẹ̀ sì yọ síta. Aláìsàn náà ni ó kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní bàbá tí kò lè jókòó láti ọjọ́ mẹ́ta dìde lórí ibùsùn, ó wá bàtà rẹ̀ rí, ó sì lé káfíńtà náà dé títì. Ara bàbá yá pátápátá. Títí tí ó fi dolóògbé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí kò ròyìn téèpù yẹn fún. Káfíńtà náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ilé-Olújì.

Má rẹ́rìn-ín jù, nítorí ìwọ náà mú téèpù dání. Ní oṣù tó kọjá, àǹtí rẹ tó wà ní Oda kọ ọ́ sí ojú ewé ẹbí wa lórí Wáásáàpù pé wọ́n ti gbé ọkọ òun lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí ó tẹ̀lé e gan-an ni àwòrán kéèkì rẹ, àti ìkéde pé ẹ̀dínwó òpin ọ̀sẹ̀ ti dé. Mo mọ̀ pé o kò rí ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ kí o tó fi tìrẹ sí i. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn ọ́ nìyẹn gan-an. Bàbá Délé mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nítorí pé ó kọ́kọ́ máa ń wo ojú ẹni. Máa ka ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kí o tó sọ tìrẹ. Pe àǹtí rẹ lónìí, kí o béèrè ara ọkọ rẹ̀, má sì dárúkọ kéèkì rárá.

Èyí mú mi dé orí ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìṣe ọkùnrin náà. Bí àwọn ẹbí òkú bá dé, kì í mú wọn lọ wo pósí. Ńṣe ni ó máa ń fún wọn ní omi, a jókòó tì wọ́n, a sì béèrè pé, "Irú ènìyàn wo ni?" Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí ìdáhùn gba odidi ọ̀sán. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó kan wá láti Èkó, ó fẹ́ pósí tó ń dán bí dígí, tó ní irin aláwọ̀ wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bàbá Délé ní kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ròyìn rẹ̀: ọkùnrin tí kì í wọ ohun tó bá ń dán, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ra aago fún un, a fi aṣọ wé e, a sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Délé ní, "Ẹni tí ẹ júwe fún mi yìí, ara ò ní í rọ̀ ọ́ nínú nǹkan tó ń dán." Ọmọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Igi ìrókò lásán ni wọ́n fi sin bàbá náà, láti ìgbà náà sì ni gbogbo ẹbí rẹ̀ kò ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ, mo gbọ́ tí obìnrin kan pè ọ́ pé òun ń wá kéèkì fún ìyá òun tó pé ọgọ́rin ọdún. Kí ó tó mí, o ti ka oríṣi kéèkì mẹ́sàn-án fún un bí ọmọ tó ń ka ìsọdipúpọ̀ níwájú olùkọ́. Ó ní òun yóò tún pè. Kò pè. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, Fọlákẹ́. Ṣé eyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀? Ṣé dókítà ti kà ṣúgà léèwọ̀ fún un? Kí ni ó máa ń jẹ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí ó sì ń mẹ́nu bà títí di òní? Ká ní o béèrè ìkẹyìn yìí nìkan, obìnrin náà ìbá ti sọ̀rọ̀ títí, kò sì ní í rántí láti pe ẹlòmíràn.

N kò ní í sọ púpọ̀ nípa ọ̀rọ̀ Ìta-Ògbólú, nítorí mo mọ̀ pé ó ṣì ń dùn ọ́. O gba ìgbéyàwó méjì pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan náà, àwọn ti Ìta-Ògbólú sì ti ń ká àga nígbà tí kéèkì tiwọn dé ọ̀hún. Ẹkún ni o sun nígbà tí o pè wá. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá rere kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí ó yẹ kí n sọ ni pé ọjọ́ ìsìnkú kì í yẹ̀, Bàbá Délé sì mọ iye ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Bí ẹbí méjì bá dé fún ọjọ́ kan náà, a gba ti ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ní ti ẹni kejì, òun a wọ bàtà, a mú un lọ fúnra rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà mìíràn, a sì dúró títí wọn yóò fi gbà á. Mo bi í nígbà kan bóyá kò bẹ̀rù pé wọn kò ní í padà sọ́dọ̀ òun mọ́. Ó ní òun tilẹ̀ gbàdúrà kí wọ́n má padà, mo sì rántí irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n máa ń júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn jù. Wá obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì l'Ákùúrẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí o yà á lọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ jọ máa pín ọjọ́ Sátidé.

Ìmọ́tótó àti ìwà níkẹyìn, nítorí o mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá Délé bá fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó kọ́kọ́ máa ń wẹ̀. A wọ ẹ̀wù funfun, a fi aṣọ mímọ́ bo pósí náà, a ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ni àwọn ènìyàn rí kẹ́yìn nípa iṣẹ́ náà, òun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà tí o ń fi kéèkì rán ń fọn fèrè lẹ́nu géètì bí ẹni tó wá mú ọ̀daràn. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Kọ́ ọ ní ìkíni, tàbí kí o wá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Bàbá Délé a tún lọ sí ilé náà, a béèrè bí opó ṣe ń sùn, kò sì ní í mẹ́nu ba iṣẹ́ títí yóò fi jáde. Dípò kí o máa kọ ọ́ sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n tún rà lọ́wọ́ rẹ, mọ orúkọ ọmọ tí o ṣe kéèkì ọdún kan fún. Béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ti ń rìn.

Ó ku ohun kan tí n kò kọ́ ọ, tí Bàbá Délé náà kò sì kọ́ ọ. Nígbà tí mo wá sí Àkúrẹ́ nítorí ìwé ìfẹ̀yìntì mi, tí mo sùn lọ́dọ̀ yín, o po odidi ìyẹ̀fun kéèkì kan lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. O fi imú sí i. O ní òórùn ẹyin kan kò tẹ́ ọ lọ́rùn. Akínwálé náà fi imú sí i, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní ẹni tó ni kéèkì náà kò lè mọ̀ láéláé. O dá a lóhùn pé, "Èmi mọ̀." O da gbogbo rẹ̀ nù. O fọ ọwọ́ rẹ dé ìgùnpá, o sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin àkọ́kọ́. Mo wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn lójú, n kò sì ṣí ojú ewé kan títí ìwọ fi gbé kéèkì kejì sínú ààrò. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó di ènìyàn ńlá. N kò rò pé mo rí èyí tí inú mi dùn sí tó bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Ó yẹ kí n dìde lọ́jọ́ náà kí n sọ ọ́ fún ọ. Agídí ni kò jẹ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ gé búrẹ́dì tí o fi ránṣẹ́ ní Sátidé fún àwọn tó wà nítòsí wa. Màmá Akínyẹmí, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹni tí kì í yin oúnjẹ ẹnikẹ́ni, jẹ ẹyọ kan, ó sì mú ìkejì láìtọrọ.

"Bàbá Tíṣà, níbo lẹ ti ra èyí?"

Mo ní, "N kò rà á. Fọlákẹ́ ọmọ mi ló ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Ó ní ṣebí ọ́fíìsì ni ẹ ní ó wà. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo wọn, èyí tí kò ṣe rí láti ìgbà tí a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Màmá Akínyẹmí wá sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń fẹ́ búrẹ́dì kékeré fún ìpàdé wọn ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣooṣù, àti pé òun fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. N kò sọ ọ́, nítorí lẹ́tà rẹ wà nílé, kì í sì í ṣe èmi ni mo ni ìdáhùn náà.

Mo ti ní kí ìyá rẹ dá lẹ́tà náà padà sórí fóònù rẹ. N kò fi àmì kan sí i. Bí o bá fi ránṣẹ́ nítorí pé o fẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì, fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbùkún mi, n kò ní í bínú, ẹnikẹ́ni kò sì ní í gbọ́ lẹ́nu mi pé ṣebí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí ohun tí mo wí ní ọdún méjì sẹ́yìn ni o ṣe kọ ọ́, mo ti gba ọ̀rọ̀ náà padà, kò sì yẹ kí o fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ san gbèsè agídí mi. Màmá Akínyẹmí yóò dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Kí Akínwálé fún wa. Èmi ni bàbá rẹ, tí ń fi ọ́ yangàn.